Awò Tí Wọ́n Gé Mọ́ Ẹyinjú Aránṣọ

Awò ìríran mẹ́ta tí wọ́n fi sínú ojú aránṣọ náà ló ti já bọ́.

"Olórí kunkun, gba kámú," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin sọ fún un. "Ṣebí èmi ni mò ń ríran fún ẹ?"

"Ẹ jẹ́ kí n tún un gbìyànjú, ẹ̀gbọ́n mi."

Aránṣọ padà sọ́dọ̀ dókítà ojú, ó gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹ̀rọ ya àwòrán gbogbo gegele àti kòtò ara ẹyinjú rẹ̀, kí wọ́n lè gé awò tuntun mọ́ ọn.

Omi ń dà lójú rẹ̀. Kò ṣẹ́jú.

Lọ́sẹ̀ kẹta, dókítà fi awò náà sí i. Kò já bọ́.

Ẹ̀gbọ́n wọlé, ó na bébà sí i. "Tẹ àtàǹpàkò síbí. Ìwé dókítà ni."

Aránṣọ wo bébà náà: *Mo fi ilé tí ìyá mi fún mi sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi.*

Ó gba bírò, ó kọ ọ́ gàdàgbà sórí rẹ̀: MO TI KÀ Á, Ẹ̀GBỌ́N MI.