Bọ́tìnì Tí Ìyá Tẹ̀ Títí

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fo ìtàn yìí. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ara yín kì í gba ìdúró.

1.

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títún ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ yá, orí rẹ̀ pé, àmọ́ ìdí rẹ̀ kì í gbé ìjókòó. Bó ṣe ń fi ọwọ́ kan ṣiṣẹ́ fún oníbàárà ló ń fi ọwọ́ kejì wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀. Kò sí ibi tó lọ tí kì í ti í kígbe pé, "Ó ti parí!" Bẹ́ẹ̀ làwọn èèyàn ṣe sọ ọ́ ní Ó-ti-parí. Inú rẹ̀ tún ń dùn sí orúkọ náà, ẹ ò rí nǹkan.

Ìyá rẹ̀ ń dá gbé, orúnkún ìyá kò sì lágbára mọ́. Ó-ti-parí so bọ́tìnì kékeré kan mọ́ okùn, ó fi kọ́ ìyá lọ́rùn. Bí ìyá bá tẹ̀ ẹ́, fóònù ọmọ yóò dún níbikíbi tó bá wà. Ráútà, àpótí kékeré tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì kiri ilé, ló ń gbé ìpè náà lọ. Ó-ti-parí kọ àṣẹ díẹ̀ sínú rẹ̀, èyí tí ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ lé fúnra rẹ̀ nígbàkígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Àṣẹ yẹn ló ń la ọ̀nà fún bọ́tìnì. Láìsí i, ẹ̀gbà ọrùn lásán ni bọ́tìnì.

2.

Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pe àṣẹ náà láti orí kọ̀ǹpútà, kó lè ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ láìpa ráútà.

"Màámi, ẹ tẹ̀ ẹ́."

Ìyá tẹ̀ ẹ́, fóònù dún, ìyá pàtẹ́wọ́.

"Ó ti parí!"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ aránṣọ, ká apá lé àyà. "Bí iná bá lọ, tó sì padà dé ńkọ́?"

"Á ṣiṣẹ́, Àǹtí mi."

"Pa ráútà náà, kí o tún tàn án, kí n fojú ara mi rí i."

"Kó tó jí, omi tíì á ti hó. Wọ́n ń dúró dè mí níbi iṣẹ́."

"Omi tíì lásán lo ò lè dúró dè?"

"Ẹ̀yin ẹ máa rán aṣọ yín, kí ẹ jẹ́ kí n máa ṣe ẹ̀rọ mi."

Ìyá dá sí i. "Fi bàbá mi sílẹ̀ jàre. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ aṣọ yẹn dun aránṣọ wọra. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

3.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, iná lọ nílé ìyá, ó sì padà dé. Ó-ti-parí wà ní ọ́fíìsì oníbàárà. Fóònù rẹ̀ fi hàn án pé ráútà kú, lẹ́yìn náà ó fi hàn án pé ó ti jí, àmì rẹ̀ ń tàn ní àwọ̀ ewé. Síbẹ̀ ó rántí ìbéèrè ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ní kó pe ìyá, kó ní kí ìyá tẹ bọ́tìnì wò. Ó tẹ nọ́ńbà ìyá dé ìdajì.

"Ẹ̀rọ wa ńkọ́?" oníbàárà bi í.

Ó ki fóònù bọ àpò. "Ó ti parí, ọ̀gá!"

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ìdajì nọ́ńbà péré ló kù!

Lọ́jọ́ náà, bó jókòó á dìde, bó dìde á jókòó. Ó ń yọ fóònù, ó ń tì í padà. Fóònù dákẹ́, ó sì ka ìdákẹ́ náà sí àlàáfíà.

4.

Nígbà tí aránṣọ ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó yà sọ́dọ̀ ìyá. Ó bá a nílẹ̀ kíṣìnnì, bọ́tìnì wà nínú ìkúùkù rẹ̀, fóònù rẹ̀ sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní yàrá. Láti àárọ̀ ló ti ṣubú. Nílé ìwòsàn, dókítà ní egungun ìbàdí rẹ̀ ti ṣẹ́, àti pé kò ní lè dá rìn mọ́.

Ó-ti-parí sáré dé, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Màámi, kí ló dé tí ẹ ò tẹ bọ́tìnì?"

"Mo tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ títí àtàǹpàkò mi fi ń ro mí."

"Kò dún o. Kò dún rárá, Màámi."

"Ṣé lóòótọ́?" Ìyá wò ó. "Mo ti rò pé o gbọ́, pé iṣẹ́ ló dí ọ lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé o kì í ráyè, bàbá mi."

Ó bú sẹ́kún. Ì bá sàn kí ìyá bú u. Aránṣọ dúró lẹ́yìn rẹ̀, kò sọ pé "ṣebí mo sọ", ìyẹn gan-an ló dùn ún jù.

5.

Lọ́jọ́ kejì, ó padà sílé ìyá. Ó pe àṣẹ náà fúnra rẹ̀, bọ́tìnì dún. Ó pa ráútà, ó tún tàn án, bọ́tìnì ò dún. Ó tún àṣẹ kà, kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Ó ń rìn láti pálọ̀ dé kíṣìnnì bí ẹni tí èèrà ń jẹ lẹ́sẹ̀. Níkẹyìn ó jókòó sílẹ̀, ó wo ẹ̀rọ náà bó ṣe ń jí, ohun tí kò ṣe rí.

Ìgbà náà ló rí i. Bí ráútà bá ṣe ń lajú báyìí ni àṣẹ ń sáré jáde, nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì ò tíì wọlé. Kò bá ọ̀nà, ó sì pa iṣẹ́ tì. Nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì bá fi máa dé, kò sẹ́ni tó tún ń pè é. Tí òun bá fọwọ́ pè é, íńtánẹ́ẹ̀tì ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Àṣẹ náà ń kánjú bí ẹni tó kọ ọ́.

Ó fi ìlà kan kún un: kó dúró títí íńtánẹ́ẹ̀tì yóò fi wọlé. Ó pa á, ó tàn án, ó dúró. Ó tẹ bọ́tìnì, fóònù dún kíkan kíkan.

Aránṣọ, tó ti wá kó ẹrù ìyá, jáde láti yàrá pẹ̀lú aṣọ ìyá lọ́wọ́. Ilé aránṣọ ni ìyá ń lọ láti ilé ìwòsàn, kò ní dá gbé mọ́.

"Ó ti ń ṣiṣẹ́, Àǹtí mi."

"Mo gbọ́ bó ṣe dún," ó ní. "Ta ló máa wá tẹ̀ ẹ́?"

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ohun tó bá ṣiṣẹ́ lójú yín, ẹ pa á, ẹ tún tàn án, kí ẹ sì dúró wò ó bóyá yóò dá ṣiṣẹ́ lẹ́yìn yín. Bí ẹni tó fẹ́ràn yín bá ní kí ẹ tún un yẹ̀ wò, ẹ má fi iṣẹ́ tó ń ṣe bú u. Kí ẹ sì tó fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ pe ìyá yín. Ẹ tẹ nọ́ńbà náà dé òpin.