Bátìrì Kékeré Tó Jẹ Iṣẹ́ Ọdún Mọ́kànlélógún

Ẹ má tíì kọjá o. Ẹ fara balẹ̀ ka èyí tán, pàápàá ẹ̀yin tí kọ̀ǹpútà àtijọ́ wà nílé yín tí ẹ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn.

Bàbá Sàkáríyà, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì sí Lugbe, ní kọ̀ǹpútà kan tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Inú rẹ̀ ni òun àti ìyàwó rẹ̀, Lydia, ń kọ àwọn ọ̀rọ̀ èdè Yàgbà sí, pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn, fún ọdún mọ́kànlélógún, títí ìyàwó fi kú. Kò sí ẹ̀dà kankan níbòmíràn. Bàbá ní bí òun bá jẹ́ kí ẹ̀dà rẹ̀ jáde, wọn á jí i.

Nígbà tó yá, bí wọ́n bá ti tan kọ̀ǹpútà náà, ọdún 1980 ni yóò máa kọ. Bámiṣayọ̀, ọmọ wọn obìnrin, pe Saeed tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Jabi. Saeed tú u wò.

"Bàbá, bátìrì kékeré tó ń jẹ́ kó rántí aago ló ti gbó. Ẹ jẹ́ kí n yọ ọ́ lónìí, kí n fi tuntun sí i. Bó bá lọ jò, omi rẹ̀ á jẹ gbogbo inú ibí."

"Ṣé inú kọ̀ǹpútà ni mo ti ń wo ọjọ́ ni? Kàlẹ́ńdà wà lára ògiri. Dè é padà bó o ṣe bá a."

Bámiṣayọ̀ tún mú Saeed wá lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìkẹyìn, Bàbá kò tilẹ̀ ṣílẹ̀kùn. Bámiṣayọ̀ ra bátìrì tuntun fúnra rẹ̀, ó gbé e fún Bàbá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó bá a nínú dúrọ́ọ̀, láàárín ìṣó, kò tíì kúrò nínú ọ̀rá.

"Dádì, ó ti sú mi. Mi ò ní sọ ọ́ mọ́."

Lóòótọ́, kò sọ ọ́ mọ́. Bàbá lọ kọ́lé sí Ẹ̀gbẹ̀ fún oṣù márùn-ún, ó fi kọ́kọ́rọ́ ilé Lugbe sílẹ̀ fún Bámiṣayọ̀. Gbogbo Sátidé ló ń wá gbálẹ̀. Á wo kọ̀ǹpútà náà, á pòṣé, á kọjá.

Bàbá dé, ó tan kọ̀ǹpútà, kò tàn. Saeed tú u. Omi bátìrì ti jẹ gbogbo inú rẹ̀, ó ti ṣàn dé ibi tí iṣẹ́ wọn wà ní ìpamọ́, gbogbo rẹ̀ ti dípẹtà.

"Kò sí nǹkan tí a lè rí yọ mọ́, Bàbá."

Bàbá jókòó. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Oṣù márùn-ún ni kọ́kọ́rọ́ fi wà lọ́wọ́ rẹ, Bámiṣayọ̀, o ò pe Saeed."

Bámiṣayọ̀ jókòó tì í. Ó mú ìwé àti bírò. Títí ilẹ̀ fi ṣú, ọ̀rọ̀ mẹ́tàlélógójì ni wọ́n rántí. Èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ bátìrì tó ti gbó kúrò lónìí. Ẹ ṣe ẹ̀dà ohun tó wà níbẹ̀. Bí àgbà ilé yín bá sì ń ṣagídí, ẹ bínú bó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ìbínú káwọ́ gbera. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, nígbà tí bátìrì tirẹ̀ kò tíì jò.