Òkú Apá Kẹsàn-án

Ìyá Àkọsílẹ̀ ni wọ́n ń pe obìnrin tó ń tọ́jú ìwé ńlá ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe eré Àwọn Atukọ̀ Ìràwọ̀. Gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ nínú eré náà láti ọdún méjìlélógún ló wà nínú ìwé yẹn: ẹni tó kú, ẹni tó bímọ, iye òṣùpá tó wà lójú ọ̀run ìlú kọ̀ọ̀kan, èwo nínú ojú ọba àwọn oníná ló fọ́. Bí òǹkọ̀wé bá gbé ìtàn tó ta ko ìwé náà wá, Ìyá Àkọsílẹ̀ á lu òǹtẹ̀ pupa lé e: KÒ BÁ ÀKỌSÍLẸ̀ MU. Ọ̀gá pàápàá kì í bá òǹtẹ̀ yẹn jiyàn.

Òun náà ló ń gba lẹ́tà àwọn òǹwòran. Láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó dé, á ti da àpò lẹ́tà sórí tábìlì, á sì pín wọn: ti àwọn tó ń yìn, ti àwọn tó ń bú, ti àwọn tó fẹ́ fi òṣèré ṣaya. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yìí, ó fi ọ̀kan sínú báàgì ara rẹ̀, ó sì di ìyókù.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin wọlé. Ọdún kejì rẹ̀ rèé láàárín àwọn òǹkọ̀wé, orúkọ rẹ̀ sì ti ń jáde ní ìparí eré.

"Ẹ káàárọ̀, mà." Mà ló ń pè é níbi iṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ìyá rẹ̀ ló gbé e wọlé. "Ṣé lẹ́tà kankan wà fún mi?"

"Kò sí. Ṣé o jẹun kó o tó jáde?"

"Mi ò lè jẹun. Àyà mi ń já."

Ó yẹ kí àyà rẹ̀ já lóòótọ́. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n fẹ́ yan ìtàn tí ẹ̀ka tuntun eré náà máa fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ka náà dá lórí Ọmọ Atukọ̀, ọmọbìnrin tí bàbá rẹ̀ jóná mọ́ ọkọ̀ òfuurufú ní apá kẹsàn-án. Odindi ọdún kan ni ọmọ Ìyá Àkọsílẹ̀ fi kọ ìtàn tirẹ̀. Tí wọ́n bá gbà á, ó di olórí òǹkọ̀wé. Tí wọn ò bá gbà á, á padà sídìí àtúnṣe ọ̀rọ̀ ẹlòmíì.

Nígbà tí gbogbo wọn jókòó tán, ó ka ìtàn náà sókè. Ọmọ Atukọ̀ gúnlẹ̀ sórí òṣùpá kan tó tutù bíi yìnyín, ó kan ilẹ̀kùn, bàbá rẹ̀ ló sì ṣí i. Nígbà tó kà á tán, ọkùnrin tó ń kọ àwàdà ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ní eruku ni.

"Ó dùn," ni Ọ̀gá wí. "Àmọ́ ọkùnrin yẹn ti kú. Ìyá Àkọsílẹ̀, ẹ bá wa wò ó."

Kò ṣí ìwé. "Apá kẹsàn-án, ìpín kejìlá. Wọ́n rí òrùka rẹ̀ nínú eérú. Ìyàwó rẹ̀ sin òrùka náà."

"Ta ló rí i?" ni ọmọ rẹ̀ bi í. "Ìyàwó nìkan ni, mà. Kò sẹ́ni tó rí òkú. Ìyàwó ló ní ó kú, gbogbo ayé sì gbà."

"Kí ló máa mú un parọ́?" ni Ìyá Àkọsílẹ̀ bi í.

"Ọkọ rẹ̀ ti ń sọ pé òun fẹ́ lọ. Bóyá inú ló bí i."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ìyá burúkú. Àwọn èèyàn á wò ó títí ilẹ̀ á fi ṣú."

"Wọ́n á sọ wá lókùúta ni," ni Ìyá Àkọsílẹ̀ wí. Kò gbé ohùn sókè. "Apá mẹ́tàlá ni obìnrin yẹn fi dá tọ́ ọmọ rẹ̀. Lẹ́tà àwọn tó fi orúkọ rẹ̀ sọ ọmọ wọn wà lọ́wọ́ mi. Ṣé ẹ fẹ́ sọ fún wọn pé òpùrọ́ ni? Àwọn èèyàn ti sunkún ọkùnrin yẹn, wọ́n ti nu ojú. Ẹ má hú u."

Ọ̀gá wo ọmọ náà, ó wo òǹtẹ̀, ó wá rọra ti ìwé ìtàn náà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ìyá Àkọsílẹ̀ lu òǹtẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí wọ́n ṣe ń jáde, àwọn kan ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé obìnrin yìí mà le o, kò ṣe ojúsàájú ọmọ bíbí inú ara rẹ̀.

Orí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ni ìyá ti bá ọmọ náà, tó gbé orí lé orúnkún.

"Màámi, ṣé ó burú tó bẹ́ẹ̀ ni?"

"Kò burú. Ó dáa ju tiwọn lọ."

"Ṣé ẹ mọ ìdí tí mo fi kọ ọ́?"

Ìyá rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí wọ́n sọ fún un pé odò gbé bàbá rẹ̀ lọ. Bàtà kan ṣoṣo ni ìyá rẹ̀ gbé bọ̀ láti etí odò, bàtà náà ni wọ́n sì sin.

"Mo rò pé tí mo bá lè mú bàbá Ọmọ Atukọ̀ padà wálé," ni ọmọ náà wí, omijé sì ń dà lójú rẹ̀.

Àánú ọmọ náà ṣe é gan-an. Ó jókòó tì í, ó gbá a mọ́ra, ó fi etí ìborùn rẹ̀ nu omijé rẹ̀. "Ó ti lọ, ọmọ mi. Jẹ́ kó sinmi."

Lẹ́yìn náà ó padà sídìí tábìlì rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì mú lẹ́tà àárọ̀ jáde nínú báàgì.

"Ọmọ mi," ni lẹ́tà náà wí, "mo tún rí orúkọ rẹ ní ìparí eré lánàá, ìkẹtàdínlógún tí mo máa kọ sí ọ rèé, tí mi ò bá sì rí èsì èyí náà, mo máa gbà pé o ò fẹ́ mọ̀ mí, mi ò ní yọ ọ́ lẹ́nu mọ́, èmi ni, bàbá rẹ," ó kà á dé ìparí, ó lu òǹtẹ̀ pupa lé e, ó sì fi í kún mẹ́rìndínlógún yòókù nínú àpótí tó máa ń tì pa.