Rélùwéè Tó Mọ Oríkì Mi

Láràárọ̀, bí rélùwéè bá ti wọ Ìkìrun, á fi oríkì kí àwa oníṣọ́ọ̀bù tí àfikún owó-orí wa ń gbé e rìn. Ẹni tí kò bá san án, kò ní gbọ́ tirẹ̀.

Lówùúrọ̀ òní, Bámitálẹ̀ ará ìjọba ìbílẹ̀ yọ sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi.

"Màmá, ẹ ti dàgbà. A ti yọ yín kúrò nínú àfikún."

"Ta ló bẹ̀ ọ́? Kí rélùwéè máa kọjá bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí?"

"Àánú yín ló ṣe wá, Màmá!"

"Lọ fi àánú rán ṣòkòtò! Dá mi padà síbẹ̀ kíá!"

Ó rẹ́rìn-ín, ó fi fóònù rẹ̀ dá orúkọ mi padà. Fèrè rélùwéè dún. Mo sáré tún gèlè mi wé, mo bọ́ síta.

"Àwẹ̀ró, ọmọ Òpómúléró, o káre o!"

Mo wojú Bámitálẹ̀. "Ṣé o gbọ́? Ó mọ ẹni tó ni ín."