Ife Òwúrọ̀ fún Ọmọ Ọ̀bọ

Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí abiyamọ fún ọmọ ẹranko ní omi ọmú rẹ̀? Ojú ti Izza láti bi ẹnikẹ́ni nígbà náà, kò sì tíì rí ìdáhùn rẹ̀ títí di òní.

Abẹ́ igi kédárì ló ti rí ọmọ ọ̀bọ náà, níbi tó ti ń ṣẹ́gi pẹ̀lú Tilila, ọmọ rẹ̀ olóṣù méjì, lẹ́yìn. Ajá àwọn darandaran ti pa ìyá ọ̀bọ náà. Ọmọ náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ojú rẹ̀ hunjọ bíi ti bàbá àgbà tí wọ́n gbàgbé láti bu oúnjẹ fún. Izza fi ìborí wé e, ó gbé e wálé.

Fadma, ìyá ọkọ rẹ̀, dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ilé tí òun ti bí ọmọ méje, ọ̀bọ kò ní í wọ̀ ọ́. Tuda tí ògiri kan pààlà wọn ló ní kí wọ́n gbé e sí ilé ẹran òun. Òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bí Basu ni, ọmọ kan tó rí tínrín, tí gbogbo àdúgbò mọ ẹkún rẹ̀.

Wọ́n fún ọ̀bọ ní wàrà ewúrẹ́, ó bì í. Wọ́n fi omi là á, ó tún bì í. Lọ́jọ́ kẹta, orí rẹ̀ kò dúró lọ́rùn mọ́. Bẹ́ẹ̀ omi ọmú Izza pọ̀ débi pé ó ń rin aṣọ. Òun ló dá a lábàá, ó sì ń retí kí Tuda bú sẹ́rìn-ín. Tuda kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn lọ mú ife wá.

Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ni Izza ń fún ife kan kún, tó ń nà án sí Tuda lórí ògiri. Tuda á wọlé, á ti ilẹ̀kùn. Ó ní ojú èèyàn méjì ń ba ọ̀bọ lẹ́rù. Tó bá fi máa dá ife padà, á ti gbẹ kanlẹ̀. Izza á wá gbé Tilila sókè sódò, á fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n, bóyá ìpín rẹ̀ ti dín kù.

Ọ̀bọ yè. Kí oṣù kan tó pé, ó ti ń gun ewúrẹ́ bí ẹṣin, ìyẹ̀fun ọkà báálì kún àgbọ̀n rẹ̀, ó ń já ìborí àwọn tó ń lọ pọnmi gbà. Izza rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Tuda náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin nídìí iṣẹ́. Ẹkún kò sí ládùúgbò mọ́. Tuda ní kí wọ́n fi díẹ̀ kún ti inú ife.

Fadma gbọ́ níkẹyìn. "Ìyá Tilila, o kú iṣẹ́ o. Àwọn tó bá jọ mu ọmú kan, ọmọ ìyá ni wọ́n, wọn ò gbọdọ̀ fẹ́ra. O ti dín ọkọ kan kù fún ọmọ mi."

"Màmá, ọ̀bọ ni."

"Mo mọ̀. Ọkọ tí èmi fẹ́, ṣé ó níwà tó ọ̀bọ yẹn?"

Láti ìgbà náà, "àbúrò Tilila" ni gbogbo obìnrin tó ń pọnmi ń pe ọ̀bọ náà.

Nígbà tí òtútù àkọ́kọ́ dé, akọ ọ̀bọ ńlá kan bẹ́ sórí ògiri. Izza fa ìgbálẹ̀ yọ. Akọ náà kò wò ó. Ó pọn ọmọ ọ̀bọ náà sẹ́yìn, ó rọra ń lọ bí ẹni tó fẹ́ lọ kí àna. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi Tuda tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń sunkún pẹ̀lú ife òfìfo lọ́wọ́. Izza rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó ní ọ̀bọ ti bá àwọn èèyàn rẹ̀ lọ, ife tán nìyẹn.

"Kò tíì tó já lẹ́nu ọmú," ni Tuda sọ.

Ní ogún ọdún lẹ́yìn náà, Basu ti ìlú tó ti ń ṣiṣẹ́ dé, ó rí Tilila níbi omi, kò sì sọ fún ìyá rẹ̀ títí ó fi di ẹrù ṣúgà ìtọrọ ìyàwó sórí ìbaaka. Fadma ń fi ọ̀pá jó. Izza ń da tíì sínú ife fún àlejò nígbà tí Tuda gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, láìwọ bàtà, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ó sọ fún un pé ọmú òun gbẹ lọ́dún náà, pé omi ọkà báálì ni ọ̀bọ mu tó fi yè, Basu ló sì ń mu ife.