Ìrẹsì Mirtha Tó Yọ Eyín Wúrà

Ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni Mirtha, ìyàwó tuntun tí Gróver gbé wá sí àgbàlá wa ní La Paz láti Montero, nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún níbi tí oòrùn ti ń mú. Ó lẹ́wà, ó sì lápá níṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í gba ẹ̀kọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá sọ fún un pé òjò ń bọ̀, á ní òjò ìlú àwọn nìkan ló yẹ ká máa pè ní òjò.

Oúnjẹ ló fi ń yangàn jù, pàápàá majadito, ìrẹsì pupa tí wọ́n ń fi ẹran gbígbẹ sè, tí wọ́n ń gbé ẹyin díndín àti dòdò lé lórí. Ṣùgbọ́n omi La Paz kì í ṣe omi Montero. Orí òkè la wà. Omi wa ń yára hó, àmọ́ ooru rẹ̀ kò tó láti mú nǹkan jiná bọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Gróver fi ń gbé ìrẹsì líle mì bí ẹni ń lo oògùn, tó sì ń sọ pé, "Ó dùn, olólùfẹ́ mi." Mo fẹ́ràn ọmọkùnrin yẹn, ṣùgbọ́n ó gọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ìròyìn wá dé pé Màmá Basilia, ìyá Gróver, ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Obìnrin yìí kò wá síbi ìgbéyàwó, torí ó ní ọmọ ìsàlẹ̀ kò lè tọ́jú ọmọ òun. Màmá Fortunata ló bẹ̀ ẹ́ títí tó fi gbà. Òun ni ìyá ìgbéyàwó wọn, ẹni tó dúró tì wọ́n níwájú pẹpẹ, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ àṣẹ lórí tọkọtaya náà. Bí Màmá Basilia bá jẹun lọ́wọ́ Mirtha tó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, ìjà parí. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, Gróver á máa dá lọ kí ìyá rẹ̀ títí ayé.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Màmá Hilaria tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kángun sí tiwọn gbé ìkòkò kan wá.

"Ọmọ mi, gba èyí lò. Ìkòkò tó ń súfèé ni. Bó o bá ti ìdérí rẹ̀ pa dáadáa, ẹran gbígbẹ á rọ̀, ìrẹsì náà á sì jiná."

Mirtha rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣeun, Màmá. Àmọ́ ìyá mi ò fi fèrè kọ́ mi ní oúnjẹ sísè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń jẹ ọ̀dùnkún dúdú tí yìnyín ti pa, ẹ̀yin lẹ fẹ́ kọ́ mi ní majadito?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, torí èmi náà ń jẹ ọ̀dùnkún dúdú. Màmá Hilaria kàn gbé ìkòkò rẹ̀. "Kò burú. Abéèrè kì í ṣìnà, ọmọ mi."

Àga mi ni wọ́n yá lọ́jọ́ Àìkú, nítorí náà mo wà níbẹ̀. Oúnjẹ náà wu ojú. Màmá Basilia bu ṣíbí kan sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ díẹ̀, ó dáwọ́ dúró. Ìrẹsì náà ń dún lẹ́nu rẹ̀ bí iyanrìn. Màmá Fortunata, tí kì í fi oúnjẹ ṣeré, ti ki ẹran gbígbẹ bọ ẹnu, ó sì fi gbogbo agbára gé e. A gbọ́ "kẹ́". Nígbà tó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, eyín wúrà rẹ̀, tó ti ń fi rẹ́rìn-ín láti ogún ọdún, ló wà níbẹ̀.

"Mirtha," ló wí, "ṣé òkúta lo sè fún wa ni?"

"Rárá o, Màmá. Bí a ṣe ń sè é nílé wa nìyẹn."

Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Màmá Basilia dìde, ó dé fìlà rẹ̀. "Mo ti rí ohun tí mo wá wò. Gróver, sìn mí dé ojú ọ̀nà."

Mirtha bú sẹ́kún.

"Basilia, jókòó," ni Màmá Fortunata wí. "Eyín tèmi ló yọ, èmi ló máa dájọ́. Mirtha, ṣé kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún ọ ni?"

Ó lè purọ́. Kò purọ́, mo sì yìn ín nínú mi. "Màmá Hilaria gbé ìkòkò wá bá mi. Mo fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ìwọ Gróver ńkọ́? Ṣé o ò mọ oúnjẹ tó jiná mọ́ ni?"

"Mi ò fẹ́ kí inú bí i, Màmá."

"O ò fẹ́ kí inú bí i, lo bá jẹ́ kí eyín mi yọ."

Ìdájọ́ rẹ̀ le. Mirtha kò gbọdọ̀ dá iná tirẹ̀ títí àjọ̀dún Kánífà yóò fi kọjá. Ilé ìdáná Màmá Hilaria ni yóò ti máa se oúnjẹ, òun ni yóò sì máa fọ gbogbo ìkòkò ibẹ̀. Níṣojú gbogbo àgbàlá ni Mirtha kúnlẹ̀ bẹ Màmá Hilaria. Ìyẹn ní, "Dìde, ọmọ mi, ìkòkò tó o máa fọ̀ pọ̀." Àwọn ọmọ àgbàlá sọ ọ́ ní Asèkúta, orúkọ náà kò sì tètè tán lẹ́nu wọn. Ní ti Màmá Basilia, ebi ló gbé lọ sílé lọ́jọ́ náà, kò sì bá ẹnikẹ́ni dágbére.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó padà wá. Mirtha bu majadito fún un. Ìyá náà jẹun títí àwo fi mọ́. Ó nu ẹnu, ó yíjú sí Mirtha.

"Ẹran yìí, báwo lo ṣe ṣe é tó fi rọ̀ tó báyìí? Kọ́ mi."

"Ẹ jẹ́ ká lọ sílé ìdáná, Màmá," ni Mirtha wí. "Bẹ́ ẹ bá rí ibi tí mo ti ṣì í ṣe, ẹ bá mi tún un ṣe."

Ẹ̀yin ìyàwó tuntun, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá dé ìlú tuntun kí ó bèèrè bí wọ́n ti ń ṣe níbẹ̀ kí ó tó gbé ìkòkò kaná. Ìbéèrè kì í sọ ìyá tó kọ́ ẹni di òpè. Ẹ̀yin ọkọ náà, ẹ má torí ìfẹ́ fi òtítọ́ pamọ́ fún aya yín, torí ohun tẹ́ ẹ bá gbé mì nínú yàrá, àlejò ni yóò tu ú síta. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ti ṣìnà tẹ́lẹ̀, kí ó kúnlẹ̀, kí ó sì kẹ́kọ̀ọ́. Ìtìjú ọjọ́ kan sàn ju ebi ọdún púpọ̀ lọ.