Fóònù Tí Níyìọlá Gbé Sílẹ̀ Torí Ààwẹ̀

Ẹ má kà á dé ìdajì kí ẹ pa á tì o, torí ìsàlẹ̀ ni ibi tó máa dùn yín wà. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

1. Ọdún 2009 ni. Wọ́n yan Níyìọlá, ọmọ Festac, láti lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́fẹ̀ẹ́ nílùú òyìnbó. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi wá a! Àyè kan ṣoṣo ló wà. Ẹni tó ṣe ipò kejì ni Lilian, tí wọ́n jọ ń gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lilian dì mọ́ ọn, ó ní, "Ayọ̀ rẹ, ayọ̀ mi ni!" Irọ́ ńlá.

2. Bọ̀dá Ìgbẹ́kẹ̀lé, tó ni kafé àdúgbò wọn, ló bá a ṣí sáìtì ilé ìwé náà.

"Níyìọlá, páswọ́ọ̀dù nìkan ò tó níbí. Bó o bá fẹ́ yí nǹkan kan padà, wọ́n á fi nọ́ńbà mẹ́fà ránṣẹ́ sí fóònù rẹ, wàá tẹ̀ ẹ́ kó tó ṣiṣẹ́. Kọ́kọ́rọ́ kejì rẹ nìyẹn. Má fi fóònù yìí sílẹ̀ fẹ́nì kankan."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rù ń bà yín jù, Bọ̀dá. Ọmọ Jésù ni mí!"

Ẹ gbọ́ ìgbéraga! Bẹ́ẹ̀ Lilian ti mọ páswọ́ọ̀dù yẹn tipẹ́, torí ọ̀kan náà ni Níyìọlá ń lò fún íméèlì rẹ̀, Lilian ló sì máa ń bá a yẹ íméèlì ọ̀hún wò bí kò bá lówó kafé.

3. Ṣọ́ọ̀ṣì kéde ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ méje. Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ máa ń fi fóònù gbààwẹ̀ pẹ̀lú: olúkúlùkù á gbé tirẹ̀ fún ẹni tí wọ́n jọ ń gbàdúrà, kó má bàa yọ́ tẹ̀ ẹ́. Níyìọlá gbé tirẹ̀ fún Lilian, kò tiẹ̀ yọ síìmù. Lọ́jọ́ kẹjọ, Lilian dá a padà tẹ̀ríntẹ̀rín. "Mo bá ẹ chájì ẹ̀." Oníwàkiwà!

4. Oṣù méjì kọjá, lẹ́tà físà ò dé. Ni Bọ̀dá Ìgbẹ́kẹ̀lé bá pe ilé ìwé. Wọ́n ní, "Òun fúnra rẹ̀ ló kọ àyè náà sílẹ̀. Nọ́ńbà tá a fi ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀ ló fi fọwọ́ sí i. A ti fún ẹni tó tẹ̀ lé e."

Bọ̀dá wo ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ lórí sáìtì wọn: ọjọ́ kẹta ààwẹ̀.

"Ọwọ́ ta ni fóònù rẹ wà lọ́jọ́ yẹn?"

Níyìọlá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

5. Ó sáré lọ sílé Lilian. Ìyá Lilian ò tiẹ̀ ní kó wọlé.

"Ọmọ mi ti wọ bàálù ní Tuesday. Ṣé ó já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ ni? Ìwọ lo gbé e fún un!"

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ọdún mẹ́ta ni mo fi..."

Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú. Ilé ìwé náà ò sì dá a lóhùn mọ́ títí dòní.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, mò ń kìlọ̀ fún yín o! Ẹ má sọ páswọ́ọ̀dù yín fọ́rẹ̀ẹ́. Nọ́ńbà tó bá wọ fóònù yín, ẹ má fi han ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ẹni tẹ́ ẹ jọ ń kúnlẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gbààwẹ̀, ẹ pa fóònù yín, kẹ́ ẹ fi sábẹ́ ìrọ̀rí ara yín. Ọlọ́run ò ní kẹ́ ẹ ya òpè.